Omi Ẹni Tó Ń Kọjá

Bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ pé mo gbé ní aṣálẹ̀ rí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: ṣé òótọ́ ni pé ìràwọ̀ ibẹ̀ pọ̀ ju ti ibòmíràn lọ? Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi. Ìràwọ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn tó jókòó sábẹ́ ìràwọ̀ ni wọ́n bí mi nínú, inú náà kò sì tíì rọ̀ títí di òní, bí mo ti dàgbà tó yìí.

Kabba ni mo ti lọ. Nígbà yẹn, abẹ́ Kwara la ṣì wà, Ìlọrin sì ni olú-ìlú wa. Ẹni tí kò gbé ilẹ̀ wa nígbà náà kò lè mọ bó ṣe ń rí kéèyàn jẹ́ ọmọ tí ilé méjì ń tì síra wọn. Bí mo bá dé Kàdúná, wọ́n á ní Yorùbá dé. Bí mo bá dé Ìbàdàn, tí mo la ẹnu fọ ohùn Owé, tí í ṣe ohùn wa ní Kabba, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á ní Gàmbàrí dé. Akọ̀wé kan tó gba ìwé lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń wá iṣẹ́ wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ọ̀hún yìí, ta gan-an ló ni yín?" Ó ń rẹ́rìn-ín ni. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo gba ìwé mi padà lọ́wọ́ rẹ̀, kí òjò ọdún náà sì tó dá, mo ti kúrò nílé.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe rin ìrìn náà. Ọ̀nà jìn, ọkọ̀ ò dára, mo dé Agadez nílẹ̀ Niger. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe oòrùn, oòrùn wà ní Kabba. Òtútù ni. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé iyanrìn tó ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án lè mú kí eyín máa gbá ara wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilẹ̀ náà kò sì lópin. Nílé wa, ibi yòówù kéèyàn dúró sí, òkè kan wà lọ́ọ̀ọ́kán tí yóò jẹ́ kó mọ ibi tó wà. Níbẹ̀, mo yí orí mi títí, ojú mi ò rí ibi tí yóò sinmi lé. Èyí tó wá burú jù ni pé kò sí iṣu. Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín o. Ẹ mú ẹni tí wọ́n fi iyán tọ́ dàgbà, ẹ ní kó máa jẹ jéró lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ wá wo irú ojú tí yóò máa fi wo ènìyàn.

Ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́ jẹ́ Faransé kan tó ní irùngbọ̀n pupa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kó àwọn òyìnbó wọ aṣálẹ̀ lọ ṣe ìgbafẹ́. Wọ́n á rìn fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á pàgọ́ sí ẹ̀yìn òkè iyanrìn, wọ́n á jẹun, wọ́n á sùn, wọ́n á padà lọ sọ fún àwọn ará ilé wọn pé àwọn ti rí ayé. Ẹ̀rù ni mo ń dì sọ́kọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí mo fi di ẹni tó ń gbèrò ìrìn náà, nítorí pé ọ̀gá mi ò mọ èrò gbà rárá. Ó kó ìrẹsì lọ́jọ́ kan, ó kó ẹran inú agolo, ó kó ọtí, ó gbàgbé igi ìdáná. Nínú aṣálẹ̀! Ó rò pé a ó rí igi ṣẹ́ lọ́nà. Àwọn àlejò rẹ̀ fi bisikíìtì pa ebi lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi sì ni ó ń pariwo mọ́.

Bàbá mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń gbèrò ìrìn. A ní oko kan lọ́nà Odò-Apé, ó jìn débi pé bí a bá lọ, abà la máa ń sùn fún ọjọ́ mélòó kan. Bó bá ku ọ̀la tí a ó lọ, bàbá mi kì í fọwọ́ kan ẹrù. Ẹnu ló fi ń rin ọ̀nà náà ná. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò ní, "A ti jáde nílé. A dé etí odò, kí ni ọwọ́ ń wá níbẹ̀?" Àwa ọmọ á dáhùn. "A dé abà, ilẹ̀ ti ń ṣú, kí ni a kọ́kọ́ ń fẹ́?" A ó ní iná. "Òjò bẹ̀rẹ̀ lóru ńkọ́?" Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rìn ín lọ, tí yóò rìn ín bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù. Ìbéèrè tó sì máa ń fi parí rẹ̀ ò yí padà rí: "Ẹni tó ń kọjá ńkọ́?" Ìpín ẹni tó ń kọjá wà nínú gbogbo ìkòkò tí a bá gbé kaná ní abà. Akèrègbè omi kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí a kì í mu. Bí òùngbẹ ń gbẹ ọ́, lọ sódò. Omi yẹn, ti ẹni tí a kò tíì rí ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é ní Agadez náà nìyẹn. Alhasan, Tuareg tó ń fọ̀nà hàn wá, ni a jọ máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí a ó máa fi Hausa rin aṣálẹ̀ lẹ́nu. Màá ní, "A ti jáde kí oòrùn tó mú. A dé kànga àkọ́kọ́, kí ni ọwọ́ ń wá?" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Alhasan fi mí rẹ́rìn-ín bí ẹni pé orí mi dà rú. Nígbà tó ṣe, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè tirẹ̀: bí ẹ̀fúùfù bá yí ojú padà ńkọ́? Òun ló kọ́ mi pé a kì í pàgọ́ sínú odò tó gbẹ, bó ti wù kí ibẹ̀ tẹ́jú tó, nítorí òjò tó rọ̀ síbi tójú ò tó lè gba ibẹ̀ kọjá kí a tó jí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sin búrẹ́dì sínú iyanrìn gbígbóná títí yóò fi jinná, àti pé omi inú àpò awọ ewúrẹ́ tutù ju ti inú kẹ́ẹ̀gì lọ. Nígbà tí mo dé ìbéèrè tó kẹ́yìn, tí mo ní, "Ẹni tó ń kọjá ńkọ́?" kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mi orí, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ń ṣe. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn bí ẹni pé mo pàdé ẹ̀gbọ́n mi lọ́jà.

Ọ̀gá wá wo ohun tí a kó jọ, ó na ìka sí kẹ́ẹ̀gì kan. "Ti ta nìyí?"

Mo ní ti ẹni tó ń kọjá ni.

"Ta ní ń kọjá? Ṣé ó ti sanwó?" Ó fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì náà ṣubú, omi sì dà sílẹ̀ lójú wa. Gbogbo ìrìn tí a rìn lẹ́yìn ìyẹn, mo ń kó kẹ́ẹ̀gì yẹn, ó ń yọ ọ́ kúrò. Kò gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, òun tó gbàgbé igi ìdáná.

Láwàní ló wá tẹ̀ lé e. Ọ̀gá pè mí lọ́jọ́ kan, ó kó aṣọ aláró gígùn kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí Alhasan wé e fún mi, kó bo ojú mi, kó ku ẹyinjú nìkan. Ó ní àwọn tó ń bọ̀ ń bọ̀ wá wo ọmọ aṣálẹ̀, wọn ò wá wo ọmọ Nigeria. Láti ọjọ́ náà, Musa ni orúkọ mi. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé wo ni ọkùnrin yìí wò? Ó tún ní n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ létí àwọn àlejò, pàápàá àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, torí ó mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. Bí mo bá pa ẹnu mi mọ́ títí ìgbà ọyẹ́ yóò fi parí, ó ní èmi ni yóò fi ṣe olórí àgọ́. Gbogbo èrò ìrìn á wà lọ́wọ́ mi, ilé kan á sì wà fún mi láàárín ìlú.

Mo fẹ́ ipò náà. N ò ní purọ́. Ẹni tó bá ti tòkèèrè lọ mọ̀ pé a kì í padà sílé ní ọwọ́ òfo kí ojú má gbani tì. Mo wé láwàní. Mo máa ń dúró ti ràkúnmí kí wọ́n lè yà mí ní fọ́tò, màá sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ wo ojú rẹ̀, ojú ẹni tí wọ́n bí sínú iyanrìn ni. Èmi tí wọ́n bí sínú òjò! Mo ń gbọ́, mo ń gbé e mì, ó ń di òkúta sí mi láyà.

Ìgbà tí mo bá fẹ́ bá ìyá mi sọ̀rọ̀, màá kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí i láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Kánò, kó lè mọ ọjọ́ tí yóò lọ dúró sí pósófíìsì Kabba. Nígbà míì a ó rí ara wa gbọ́, nígbà míì ariwo lásán ni yóò wà nínú tẹlifóònù, bí ẹni ń din àkàrà. Bí a bá gbọ́ra, kì í béèrè ohun tí àwọn ìyá mìíràn ń béèrè.

"Okun o, ọma mi."

"Okun o, Ìye."

"Ta ní ń kí ọ ní ibẹ̀ yẹn? Ṣé o ń rí ẹni tí í sọ okun fún ọ?"

"Ìye, wọ́n ń kí mi. Hausa ni wọ́n fi ń kí mi."

"Mi è bi ọ́ ní ti Hausa. Okun ni mo ní."

"Kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ níbí."

"Tò. Kó o ṣáà máa rántí bí àn ti í dáhùn rẹ̀."

Mo sọ fún un pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe olórí, pé màá wá sílé bí ó bá bọ́ sí i. Ó ní ìyẹn dára. Ìbéèrè tirẹ̀ ló tún padà sí. Inú máa ń bí mi sí ìyá mi nígbà yẹn. Mo rò pé kò mọ ohun tó ń lọ láyé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tí a fi ń kí ẹni tó jókòó, ẹni tó ń bọ̀ láti oko àti ẹni tí nǹkan ṣe, tí àwọn ará ibòmíràn wá fi sọ wá lórúkọ, kí ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́ ṣe fún mi láàárín iyanrìn?

Lápá ìparí ọyẹ́ ni ọ̀gá mú ìròyìn dé pé àwọn àlejò ńlá ń bọ̀. Òyìnbó ni wọ́n, oníṣẹ́ ẹ̀rọ, láti ilé-iṣẹ́ irin kan létí Odò Ọya ní Nigeria. Kwara ni. Ìpínlẹ̀ mi! Ọkọ̀ tiwọn ni wọn yóò gbé wá, wọ́n sì fẹ́ rìn jìnnà ju bí àwọn tó kù ti ń rìn lọ. Ọ̀gá ní bí eléyìí bá yọrí sí rere, ká ka ipò náà sí tèmi.

Èmi àti Alhasan jókòó, a fi ẹnu rìn. A ro ibi tí iyanrìn ti rọ̀ tí táyà lè rì, a fi pákó sí i. A ro òtútù, a fi bùláńkẹ́ẹ̀tì kún un. A ka omi mímu àti omi tí wọ́n fi ń se oúnjẹ. Ọ̀gá ní ká fi omi ìwẹ̀ kún un fún àwọn àlejò, kí wọ́n lè máa bọ́jú láàárọ̀. Mo bi í pé ta ni yóò wa ọkọ̀ wọn. Ó ní wọ́n ní dírébà.

Mo ní, "A ò tíì ka dírébà mọ́ ọn."

"Dírébà kì í ṣe àlejò. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ni í nìyẹn." Ó tún wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó rí kẹ́ẹ̀gì ẹni tó ń kọjá, ó gbé e sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń súfèé bó ti ń gbé e lọ.

Àwọn àlejò dé. Dírébà wọn sọ̀kalẹ̀ láti iwájú ọkọ̀, àgbàlagbà kan báyìí, irun orí rẹ̀ ti funfun, ó wọ búbá tó ti ṣá. Nígbà tí a pàgọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, àwọn àlejò jókòó sórí ẹní, èmi àti Alhasan àti àwọn oníràkúnmí dúró níwájú wọn bí ọ̀gá ti tò wá. Bàbá náà rìn wá láti ibi ọkọ̀. Ó dúró níwájú wa, ó tẹ̀ díẹ̀, ó ní:

"Okun o. Okun o, ẹ̀yin ará ibí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi! Ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn láti ẹnu ẹni tí mo lè rí? Ohùn Ìjùmú ni, àwọn aládùúgbò wa nílé. Alhasan fi ọwọ́ kan àyà, ó dá a lóhùn ní èdè tirẹ̀. Bàbá náà wá yíjú sí èmi gan-an. "Okun o." Ọ̀gá ń wò mí láti orí ẹní. Ipò náà wà lójú mi, ilé àárín ìlú wà lójú mi. Mo dúró bí òpó.

Ó dúró díẹ̀ sí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Bóyá eléyìí è gbọ́." Ó yí padà, ó lọ sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló sùn, lábẹ́ ọkọ̀, nínú òtútù tí mo sọ fún yín yẹn, torí pé a ò ka àgọ́ tirẹ̀ mọ́ ti àwọn àlejò. Ọ̀kan lára wọn ní kò burú, pé àwọn èèyàn yìí le. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ ọkọ̀ wọn hó. Omi inú rẹ̀ gbẹ. Bàbá náà gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré tó fi pamọ́ fún ara rẹ̀, ó dà á sínú ẹ̀rọ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ má bàa há sójú ọ̀nà. Mo rí i. Gbogbo wa la rí i. Kò sí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó ṣe kíá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló ṣẹlẹ̀. A ti pàgọ́, búrẹ́dì ń jinná nínú iyanrìn, ọ̀kan nínú àwọn àlejò ń bọ́jú nínú bàsíà, omi ń ṣàn gba irùngbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá náà wá pẹ̀lú ife kan lọ́wọ́. Ètè rẹ̀ ti bó. Ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun lómi. Òyìnbó náà wo ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi ní gbogbo omi ló ti ní oníǹkan, pé a ó dé kànga lọ́la, kó mú sùúrù. Òyìnbó náà wá sọ fún bàbá pé, "Ẹ ò rí i, ọ̀la ni. Oòrùn ti mọ́ yín lára." Ẹni tó ń bọ́jú kò dá ọwọ́ dúró.

Bàbá náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó yí padà. Bó ti ń kọjá níwájú mi, ó wò mí. Ó mọ̀ pé n ò dáhùn lánàá. Síbẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀, bí àwọn àgbà wa ti í ṣe, torí pé a kì í kọjá níwájú ènìyàn bí ẹni ń kọjá níwájú igi.

"Okun o," ló ní.

Inú tó bí mi, mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo òkúta tó wà láyà mi ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fa láwàní náà tú, mo fà á títí ó fi tán lórí mi, mo sọ ọ́ sínú iná. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn níwájú bàbá náà.

"Okun o, bàbá mi. Okun o! Ọma Kabba ni mi."

Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọma Kabba? Ùwọ? Ùwọ ni mo kí lánàá?"

"Èmi ni."

Ó na ọwọ́ sí mi. Ó wá ní, "Tò. Dìde. Iyanrìn ń jó ọ."

Mo dìde, mo lọ sí ìdí àgọ́, mo gbé odindi kẹ́ẹ̀gì omi ìwẹ̀ àwọn àlejò, mo gbé e síwájú bàbá náà, mo mú ife rẹ̀ nílẹ̀, mo nù ún, mo bu omi sí i. Ó jókòó kí ó tó mu ún. Ọ̀gá ti dìde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń pariwo pé, "Musa! Musa!" Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn kí gbogbo wọn lè gbọ́. Mo ní Musa ò sí níbí. Mo yíjú sí àwọn àlejò, mo ní Kabba ni wọ́n bí mi sí, ní Kwara, mo ní iṣu tí ọmọ-ọ̀dọ̀ yín ń rà fún yín, ọjà wa ló ti ń wá, bóyá oko bàbá mi ni wọ́n ti wà á, àbí ẹ rò pé iyanrìn ló hù ú? Mo ní ọkùnrin tí ẹ fi òùngbẹ jẹ níyà yìí ló da omi rẹ̀ sínú ọkọ̀ yín. Mo tún sọ èyí tí n kò lè kọ síbí, torí àwọn ọmọdé lè kà á.

Ẹni tó ń bọ́jú dá ọwọ́ dúró nígbà yẹn. Ohun tí obìnrin kan nínú wọn sì lè sọ ni pé, "Ṣé kì í wá ṣe ọmọ aṣálẹ̀ ni?" Wọ́n ti tàn án jẹ, ìyẹn ló dùn ún. Ẹ ò rí nǹkan.

Ọ̀gá lé mi lójú ẹsẹ̀. Ó ní ọkọ̀ òun ò ní gbé mi padà, kí n wá ọ̀nà tí n ó gbà, mo ṣáà ní mo mọ èrò gbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí wọ́n ti di ẹrù tán, Alhasan jókòó sílẹ̀, ó ká ẹsẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tí kò bá gbé mi, òun ò ní wọ̀ ọ́. Kò sì sí ẹlòmíràn nínú wọn tó mọ̀nà. Ọ̀gá gbó, ó bẹ̀bẹ̀, ó tún gbó. Alhasan ń bu tíì rẹ̀ mu. Nígbẹ̀yìn, bàbá dírébà ló ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ tirẹ̀, ó lu àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà gbà, ó ní kí n wọlé. Àwọn òyìnbó rẹ̀ wọ ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo jókòó títí a fi dé Agadez, a sì sọ ohùn wa lójú ọ̀nà títí ẹnu fi rẹ̀ wá. Ìyàrá ní ilẹ̀ Ìjùmú ni ilé rẹ̀. Ó bi mí léèrè ilé wa, mo júwe rẹ̀ fún un. Kò mẹ́nu ba ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ rárá.

Mi ò di olórí àgọ́. Mi ò padà sílé lọ́dún náà. Alhasan náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá náà, ó yá Landróvà ògbólógbòó kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn ènìyàn rìn fúnra wa. Ẹnu la ṣì fi ń kọ́kọ́ rin ọ̀nà. Kẹ́ẹ̀gì pupa kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ tí àlejò kan kì í fọwọ́ kàn, bó ti wù kó lówó tó. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ti ta ni, màá ní kò tíì dé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí ààyè pe ìyá mi. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mò ń ro ohun tí n ó wí. Mo ti sọ fún un pé n ó di olórí. Inú ṣì ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ ọ nínú ohùn mi. Tẹlifóònù náà hó bó ti máa ń hó, a sì gbọ́ra.

"Ìye," ni mo ní, "mo kúrò lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn."

"Mo ti gbọ́. Bàbá kan wá láti Ìyàrá. Ó wá ulé wa débi."

Mo di tẹlifóònù náà mú.

"Ó ní òun rí ọ. Ó ní òun rí ọ láàárín àwọn tó wé aṣọ bojú, òun è mọ̀ ọ́. Ó ní òun kí ọ." Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín, mo ń gbọ́ ọ. "Ó ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ pàdé ni. Ó ní òun è tí ì sọ okun náà tán lẹ́nu tó o fi dáhùn."

Ẹni tó ń bójú tó tẹlifóònù níbẹ̀ ń ṣẹ́wọ́ sí mi pé àkókò ń lọ. Mo rí bàbá náà níwájú mi bó ti yí padà ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ yẹn, tó lọ sùn sábẹ́ ọkọ̀.

"Ọma mi, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Ìye."

"Tò," ló ní. "Okun o."

Mo dáhùn kí ó tó sọ ọ́ tán.